Mọ́ọ̀dù Tó Wà Lọ́wọ́ Àna

Ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni Alden Skaar fi ń kọ orúkọ sílẹ̀ kí ìjọba ìpínlẹ̀ Montana, ní Amẹ́ríkà, tó fún un ní ìwé-àṣẹ láti pa àgbò ìgbẹ́ orí òkè kan ṣoṣo. Kèké ni wọ́n ń ṣẹ́ fún un, ọ̀pọ̀ ló sì kú láì rí i gbà. Nígbà tí tirẹ̀ fi dé, ó ti di ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin. Orúnkún rẹ̀ kan ń dún bí ilẹ̀kùn àtijọ́, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n láàárọ̀. Ó mọ̀ pé kò sí ẹ̀ẹ̀kejì.

Ẹlòmíràn ìbá gòkè lọ́jọ́ tí àkókò ọdẹ bẹ̀rẹ̀. Alden kò gòkè. Ogójì ọdún ló fi kan bàtà irin mọ́ pátákò ẹṣin, kò sì fìgbà kan fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún bóyá. Ọta tí wọ́n ń tà nílé ìtajà, ó ní bí oúnjẹ ilé ìwòsàn ló rí: ó ń yó ni, kò dùn. Fúnra rẹ̀ ló ń di tirẹ̀ ní gáréèjì. Yóò fún ìkarahun idẹ ti ọta tí ó ti yìn tẹ́lẹ̀ padà sí ìwọ̀n rẹ̀, yóò ki ìṣáná tuntun tí yóò tan ẹ̀tù bọ̀ ọ́ nídìí, yóò wọn ẹ̀tù ní hóró-hóró, yóò wá fi orí ọta dé e. Ìbọn bàbá rẹ̀ ló ń lò, irú èyí tí ilé ìtajà kankan ládùúgbò náà kì í kó ọta rẹ̀ wá mọ́. Láti oṣù kẹsàn-án títí wọ oṣù kọkànlá, pápá ìdánwò ló wà. Ó ń bu ẹ̀tù kún un, ó ń bù ú kúrò, ó ń yìn, ó ń wọn ihò tí ọta dá sára pátákó. Ó búra pé bí ọta mẹ́ta kò bá wọ ibi tí owó ẹyọ kékeré kan lè bò, òun kò ní gòkè.

Ilene ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè bóyá pátákó ló gba ìwé-àṣẹ láti pa.

Ó rí ìwọ̀n náà nígbẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n nígbà yẹn, kò sí ọta dídì kankan nílẹ̀ mọ́, àfi òfìfo ìkarahun, àkókò ọdẹ yóò sì parí lọ́jọ́ Àìkú. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ló jókòó láti di ti òkè. Inú mọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń fún ìkarahun, irin kíki tó ṣe rogodo, oníhò láàárín. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi gíríìsì pa ìkarahun lára kó tó tì í wọ̀ ọ́. Gíríìsì Alden ti kù fẹ́ẹ́rẹ́ nínú agolo, kò sì fẹ́ ṣí òmíràn nígbà tí ìka ṣì ń rí díẹ̀ ha nídìí rẹ̀. Ìkarahun kẹta há pinpin. Ó fà á, ìdí rẹ̀ já, ara rẹ̀ kù sínú irin. Ó fi òòlù lù ú, ó gbẹ́ ẹ, irin ìgbẹ́ sì ha inú mọ́ọ̀dù náà yánnayànna. Gíríìsì tí kò tó sẹ́ńtì mẹ́wàá ló ba ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n jẹ́.

Bó bá kọ̀wé ra òmíràn, ọjọ́ mẹ́wàá ni. Lọ́jọ́bọ̀ sì ni ọjọ́ Ìdúpẹ́, ìsinmi gbogbo ìlú, tí nǹkan kan kì í lọ tí kì í bọ̀. Gbogbo agbègbè náà, ẹnì kan ṣoṣo ló tún ní irú ìbọn yẹn àti mọ́ọ̀dù rẹ̀: Royce Pruitt, àbúrò Ilene lọ́kùnrin.

Ọdún mẹ́sàn-án ni òun àti Alden kò ti bára wọn sọ̀rọ̀. Royce ló ṣe àgbọ̀nrín ńlá kan léṣe, tí ẹran náà sì sá lọ mọ́ ọn lọ́wọ́. Alden wá sọ ní pápá ìdánwò, lójú ogún èèyàn, pé Royce ń bu ẹ̀tù bí ẹni ń fi ṣíbí bu ṣúgà sí tíì. Orúkọ náà lẹ̀ mọ́ ọn. Títí dòní, àwọn kan ṣì ń pè é ní Ṣíbí.

Ilene ní òun lè bá a pè é lórí fóònù. Alden ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́rú, ó kó ìkarahun àti ẹ̀tù rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó forí lé ilé àna rẹ̀.

Royce ṣílẹ̀kùn pẹ̀lú kọfí lọ́wọ́. Kò ní kó wọlé, kò sì fi kọfí lọ̀ ọ́.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Mọ́ọ̀dù mi ló bàjẹ́."

Royce fẹ́ mọ bó ṣe bàjẹ́. Alden ní láti sọ ọ́, láti orí agolo gíríìsì dé ibi tó ti gbẹ́ ẹ. Royce mú un tún apá ti gíríìsì sọ, ó ní etí òun kò gbọ́ ọ dáadáa. Alden ní òun yóò sanwó. Royce ní kó fowó ra gíríìsì.

"Ọdún méjìlélógún lèmi náà ti ń kọ orúkọ," ló wí. "Wọn ò fún mi. Ìwọ ni wọ́n fún, o wá jókòó sí pápá, ò ń yìnbọn lu pépà. Mọ́ọ̀dù mi kì í jáde nínú ilé yìí. Bó o bá máa lò ó, bẹ́ǹṣì mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi ni n ó máa wọn gbogbo ẹ̀tù tó o bá bù, n ó sì máa pè é sókè."

Alden dúró nínú yìnyín, ó ń ṣírò. Òkè wà lápá kan, iyì rẹ̀ wà lápá kejì. Ó lọ kó ẹrù rẹ̀ nínú ọkọ̀.

Ọta márùn-ún péré ló dì, ó sì gbà á ju wákàtí méjì lọ. Royce fa àpótí tì í, ó ń ka òṣùwọ̀n sókè bí ẹni ń pe orúkọ níléèwé. Mẹ́ta àkọ́kọ́ pé géérégé. Lórí ìkẹrin, ọwọ́ Alden gbọ̀n, ẹ̀tù sì lé. Royce pe iye rẹ̀. Ó tún un pè.

"Ṣíbí ṣúgà, Alden."

Alden dà á padà sínú agolo. Ó bu òmíràn, ó tún lé. Ẹ̀ẹ̀kẹta ló tó pé. Òógùn bò ó nínú òtútù yẹn.

"Ọwọ́ tó ń gbọ̀n báyìí," ni Royce wí, "òkè wo ló ń lọ?"

"Ọwọ́ kọ́ ni mo fẹ́ fi gùn ún."

Kò dúpẹ́. Royce náà kò retí ọpẹ́. Ó kàn ní kó pa ilẹ̀kùn dé, igi ìdáná wọ́n.

Ìjì kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gòkè lọ́jọ́bọ̀ àti lọ́jọ́ Ẹtì. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, Alden rí àgbò náà pẹ̀lú abo mẹ́fà níbi tí atẹ́gùn ti gbá yìnyín kúrò lórí koríko, nǹkan bí igba ìṣísẹ̀ ó lé àádọ́ta sí i. Ó dọ̀bálẹ̀, ó gbé ìbọn lé ẹrù rẹ̀, ó sì dúró de ọwọ́ rẹ̀. Ogójì ìṣẹ́jú ló fi dúró dè é, tí ikùn rẹ̀ fi kú tipiri. Nígbà tí ọwọ́ náà gbà láti dákẹ́, ó yìn ín lẹ́ẹ̀kan. Àgbò náà gbé ẹsẹ̀ méjì, ó ṣubú.

Royce ní ìbaaka méjì tí ì bá gbé e sọ̀kalẹ̀ ní ìrìn kan. Alden kọ̀, ó sì kìlọ̀ fún Ilene pé kò gbọ́dọ̀ pè é. Ẹ̀yìn ara rẹ̀ ló fi ru ẹran náà, ìrìn mẹ́ta, títí di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú. Ó ṣubú nínú ìrìn ìkẹta, orúnkún rẹ̀ kò sì padà bọ̀ sípò láti ọjọ́ náà.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, Royce ti ń sọ káàkiri pé mọ́ọ̀dù òun ló pa àgbò. Wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà dé etí Alden ní ilé epo.

"Mi ò rí mọ́ọ̀dù kankan lórí òkè," ló fèsì.

Ilene yan itan àgbò náà kan, kò gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kó tó pe àbúrò rẹ̀ wá jẹun. Royce wá. Irú ẹran yẹn kò kan ẹnu rẹ̀ rí. Bí Alden ṣe gbọ́ ìró ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé àwo tirẹ̀, ó tiro lọ sí gáréèjì, ó sì ti ilẹ̀kùn. Ó gbọ́ tí Royce ń sọ fún Ilene láti ẹ̀yìn ògiri pé kó tún bù sí i fún òun. Lórí ìdúró ló jẹ tirẹ̀ tán, kò sì jáde títí ọkọ̀ náà fi lọ.