Òróró Lẹ́nu Páìpù

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀ṣì Methodist tí Túndùn ń lọ ní Forestville, tí ẹ béèrè Túndùn, àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà lè máa wò yín bọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ béèrè Auntie Volcano, wọn á fà yín lọ́wọ́ dé iwájú rẹ̀. Èéfín òkè ayọnáyèéfín ló ń yẹ̀ wò ní ibi iṣẹ́ rẹ̀ nítòsí Adelphi. Ọkọ̀ òfuurufú á fò la èéfín náà kọjá, ẹ̀rọ inú rẹ̀ á fi páìpù kan fa afẹ́fẹ́ wọlé, á sì wọn imí-ọjọ́ àti eérú tó wà nínú rẹ̀. Àwọn ẹlòmíì ló ń bá ọkọ̀ lọ. Túndùn ń jókòó sílé dè wọ́n.

Ìgbà tó di 1996, wọ́n ní kí òun náà máa bọ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó ń jó nídìí síńkì, ó ń jó nínú mọ́tò. Ó gbé páìpù náà wálé ní Clinton, ó fọ̀ ọ́, ó dán an títí tó fi ń kọ mọ̀nà, ó wá tẹ́ ẹ sórí tábìlì.

Láàárọ̀ ọjọ́ ìrìnàjò, màmá rẹ̀ tó wá kí i láti Ìbàdàn sìn ín dé pápá ọkọ̀ òfuurufú. Wọ́n de páìpù mọ́ ọkọ̀, wọ́n tan ẹ̀rọ. Kò sí òkè, kò sí èéfín, síbẹ̀ ẹ̀rọ ń ka nǹkan bí ẹni pé ilé ń jó. Joel, ọ̀gá rẹ̀, wo aago.

"Túndùn, bí ẹ̀rọ yìí kò bá bọ́ sí òdo, a ó já a sílẹ̀. Ìwọ náà á dúró tì í."

Túndùn sáré dé ìdí ẹ̀rọ. Ó tú tibí, ó de tọ̀hún, pàbó. Ló bá ki imú bọ ẹnu páìpù. Ó mọ òórùn yẹn dáadáa. Òórùn ìṣọ́ òru ni.

"Màmá, ẹ má bínú o. Ṣé ẹ fọwọ́ kan páìpù yìí?"

"Èmi ò fọwọ́ kàn án. Òróró ni mo fi kàn án. Ṣé kí n máa wò ọ́ kó o wọ inú iná lọ lásán ni? Òun ló sì máa kọ́kọ́ wọlé, mo bá kúkú bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ rẹ̀."

Túndùn fẹ́ bínú, ẹ̀rín ò jẹ́. Ó ń fi spirit nu páìpù, omijé ẹ̀rín ń bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ̀rọ ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di òdo. Ló bá fò sókè bí ọmọdé, ó dì mọ́ ẹni tó bá sún mọ́ ọn. Nígbà tí Joel béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, ó rò ó fún un, kò fi ọ̀kan pa mọ́.  Joel kàn ń wo Màmá, ó tún ń wo ọkọ̀ kékeré náà.

"Màmá," Túndùn bi í, "ibo lẹ tún ta á sí?"

"Ibẹ̀ nìkan. Orí rẹ ni ì bá tẹ̀ lé e, o ti sùn."

Màmá yọ ìgò kékeré kan nínú báàgì. Túndùn ṣí fìlà, ó kúnlẹ̀ sórí kọnkéré. Nígbà tó máa fi dìde, Joel, tí kì í dé ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Kérésì pàápàá, ti ṣí fìlà tirẹ̀, ó ti tò sẹ́yìn rẹ̀, pílọ́ọ̀tì sì wà lẹ́yìn Joel.

Túndùn na ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ẹni tí Màmá bá ti ta òróró sí lórí, kó má fọwọ́ lásán kan páìpù mi."