Ọkùnrin Tó Ní Òun Fẹ́ Yá Ọkọ Mi

Igbá ni ọkọ mi fi ń gbé èèyàn sọdá odò Ògùn wọ Abẹ́òkúta. Igbá ńlá tí a dé pa ni, tí omi kò lè wọ̀. Èrò á gbá a mọ́ àyà níhìn-ín, ọkọ mi á dì í mú lọ́hùn-ún, wọn á kọjú síra wọn, òun á sì máa fi ẹsẹ̀ wẹ̀ títí wọn á fi gúnlẹ̀. Èmi ń rẹ aṣọ láró létí odò níbẹ̀. Mò ń rí gbogbo ẹni tó ń dé, mo sì ń fura sí gbogbo wọn. Ìfura loògùn àgbà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin kò lo oògùn yẹn: ẹnìkan fi ohùn tútù bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun ru ẹrù dé Wásinmi, títí di òní a ò gbúròó rẹ̀. Wọ́n ti tà á.

Nítorí náà, nígbà tí ọkùnrin Sàró kan dé pẹ̀lú ṣòkòtò àti bàtà, tó ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo ayé, mo yọ ọwọ́ kúrò nínú aró. Ẹ̀gbá làwọn òbí rẹ̀, Sàró ni wọ́n bí i sí. Àwọn ìka rẹ̀ dúdú bíi tèmi, bẹ́ẹ̀ kì í ṣe aláró. Kí ló ń fọwọ́ bọ̀?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá,” ó wí. “Mo fẹ́ yá ọkọ yín.”

“Kí lẹ wí? Ọkọ mi lẹ fẹ́ yá? Ṣé ọkọ́ tí wọ́n fi ń roko lẹ pè é ni?”

Ó mi orí. “Ẹ má bínú, ìyá, mo ṣì í pè ni. Mo fẹ́ ya ọkọ yín.”

“Éèmọ̀! Yíyá kò tó, ó tún kan yíya! Ẹ fẹ́ fà á ya bí àkísà?”

Ọkọ mi ń rẹ́rìn-ín nínú omi. Inú bí mi sí i gan-an. Sàró náà mú igi, ó ya orí àti ọwọ́ èèyàn sórí iyanrìn, ó ní àwòrán lòun ń sọ. Ó ní òun rí àwọn ọmọ apẹja létíkun Èkó tí wọ́n ń fi pákó gun ìgbì, pé àwòrán wọn kò dáa láti orí ilẹ̀, àfi kí èèyàn wọ inú omi tọ̀ wọ́n lọ. Ìgbì òkun fọ́ dígí tó ń ya àwòrán sí, ló bá wá sódò. Ó wá fi ohùn tútù bẹ ọkọ mi pé kó bá òun gbé àpótí tí òun fi ń ya àwòrán wọ omi, kí òun lè ya àwòrán rẹ̀ lórí igbá.

Ohùn tútù náà tún nìyẹn.

“Bó o bá máa lọ,” mo sọ fún ọkọ mi, “èmi ni èrò orí igbá lónìí.”

Báyìí la ṣe wọ odò. Ọkùnrin náà dúró sínú omi dé ìbàdí, àpótí rẹ̀ wà lórí igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó fi òkúta tẹ̀ mọ́lẹ̀. Ọkọ mi fẹsẹ̀ tẹ àpáta abẹ́ omi, ìgbì ń ya kọjá lára wa, èmi gbá igbá mọ́ra níwájú rẹ̀. Sàró ki orí bọ abẹ́ aṣọ dúdú tó bo àpótí náà.

“Wò mí,” ọkọ mi rọra wí.

“Kí n wò ọ́ ṣe kí ni? Ẹni tó fẹ́ gbé ọ lọ ni mò ń wò.”

“Ẹ má mira!” Sàró kígbe.

Ta ló ń sọ fún èèyàn pé kó má mira, bí kò ṣe ẹni tó fẹ́ dè é lókùn? Mo wo aṣọ dúdú. Mo wo etí odò, bóyá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń bọ̀. Mo tún wo aṣọ dúdú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí.

Kò sẹ́ni tó wá. Ó sáré gbé dígí lọ sínú àgọ́ kékeré tó pa sétí odò, òórùn kíkan oògùn tó sọ ìka rẹ̀ di dúdú ń jáde níbẹ̀. Nígbà tó jáde, ó fi aṣọ dúdú sẹ́yìn dígí náà, ó nà án sí wa. Ọkọ mi nìyẹn lóòótọ́, tòun ti omi tó ń kán nírùngbọ̀n rẹ̀. Ìgbì náà rí bí òwú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ̀n. Ní ìhà kejì igbá, ọwọ́ mi méjèèjì hàn, ọrùn mi hàn díẹ̀, lókè ọrùn, èéfín lásán ni.

“Mo mọ̀!” mo pariwo. “Orí mi ló wá gbé!”

“Ẹ mira ni, ìyá, ojú ẹni tó bá mira kì í hàn,” ó wí. Ó fi dígí náà ta wá lọ́rẹ, ó kẹ́rù rẹ̀, ó gba ọ̀nà Èkó lọ. A ò rí i mọ́.

Àwọn aláró ẹgbẹ́ mi fi mí ṣẹ̀sín títí, wọ́n ń bi ọkọ mi pé iwin wo ló gbé sọdá. Mo wé dígí náà sínú àkísà, mo kì í bọ ìsàlẹ̀ àpótí aṣọ. N kò fẹ́ rí i.

Ẹnikẹ́ni kò gbé ọkọ mi lọ. Ikọ́ ló pa á lẹ́yìn ọdún púpọ̀, nínú ilé, orí rẹ̀ lórí itan mi. Lẹ́yìn tí a sin ín, àárò rẹ̀ fẹ́ pa mí, mo tú àkísà náà. Ìgbà yẹn ni mo tó wo ojú rẹ̀ dáadáa. Kò wo àpótí, kò wo Sàró. Èmi ló ń wò, bí ẹni tí kò sí nǹkan mìíràn láyé tó wù ú wò, ẹ̀rín díẹ̀ wà lẹ́nu rẹ̀. Èmi tí mo wà níwájú rẹ̀ gan-an, tí igbá kan ṣoṣo wà láàárín wa, n kò rí i.