Omi Mímọ́ Tí A Kọ̀ ní Ikpoba Hill

Àwọn ológun ti gbé ìjọba sílẹ̀ ní bí ọdún mẹ́ta nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ fóòmù kan ní Ikpoba Hill, nílùú Benin. Kànga wa ń gbẹ, ni àwọn aláṣẹ bá ra ẹ̀rọ kan tí ń fi agbára ti omi ìdọ̀tí gba inú awọ tín-ín-rín kọjá. Ihò ara awọ náà kéré débi pé kòkòrò àìsàn kò lè gbà á kọjá. Omi balùwẹ̀ àti ilé ìgbẹ́ wa ni wọ́n ń sẹ́ padà fún wa mu. Wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Ìyáàfin Adébọ̀wálé, ará Oǹdó bíi tèmi, ni ó ń yẹ omi náà wò. Òun ló pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Akọ̀wé, omi yẹn mọ́. Èmi náà ń mu ún. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹ mọ ohun tí ẹ ń mu."

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó dá yín lójú pé ó mọ́?"

"Ojoojúmọ́ ni mò ń yẹ̀ ẹ́ wò."

Mo pe ìpàdé, mo sọ ibi tí omi náà ti ń wá fún wọn. Osaro, ọmọ Benin tó ń wa ọkọ̀ ẹrù, fò dìde: "So na latrine water we dey drink since?" Ariwo ta. Ó yẹ kí n sọ ohun tí àyẹ̀wò fi hàn. N kò sọ ọ́. Mo mọ̀ pé ìbínú wọn yóò rọlẹ̀, mo sì fẹ́ kí ó máa gbóná. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dénú rẹ̀ a di odindi. Àbọ̀ tèmi kò di odindi.

A daṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ bu omi náà mu níwájú wa. Kò sẹ́ni tó padà sẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mọ ẹni tó tú àṣírí, wọ́n sì lé Ìyáàfin kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ karùn-ún.

Lọ́jọ́ tí a fẹ́ fọwọ́ síwèé àdéhùn, mo ní kí wọ́n dá a padà.

"Kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ yín," ọ̀gá dáhùn.

Òótọ́ ni. Mo fọwọ́ sí i.

A gba ẹ̀tọ́ pé wọn kò gbọdọ̀ fi ohunkóhun pa mọ́ fún wa mọ́ nípa omi wa. Ẹ̀tọ́ náà ṣì wà níbẹ̀ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ṣùgbọ́n wọ́n pa ẹ̀rọ náà. Omi ìdọ̀tí wa padà sínú odò Ikpoba, àwa sì ń ra omi ọlọ́kọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í yẹ̀ wò.

Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, mo pàdé Ìyáàfin ní New Benin. Ó kí mi dáadáa, ó béèrè àwọn ọmọ.

"Akọ̀wé, ṣé ẹ sọ fún wọn pé omi náà mọ́?"

"Rárá, ẹ̀gbọ́n."

Ó mi orí, ó gbé àpò rẹ̀, ó sì wọ kẹ̀kẹ́ lọ. Títí di òní, n kò tíì bẹ̀ ẹ́.