Oòrùn inú Pálọ̀ Tíṣà Mobọ́lájí

"Iná ti kan ògiri o!"

Igbe Tíṣà Mobọ́lájí nìyẹn, lọ́sàn-án gangan, n'Íjẹ̀bú-Òde. Àdúgbò sáré dé. Iyanrìn. Omi. Kúbúrátù alágààrí ló ṣíwájú, korobá lọ́wọ́. Ibi kan ṣoṣo ló rí iná, ó sì da omi sí i gbuu: ojú kọ̀ǹpútà.

"Kúbúrátù! O ti pa oòrùn mi!"

"Tíṣà, ṣebí ẹ̀yin lẹ ní iná kan ògiri?"

"Ògiri inú kọ̀ǹpútà ni!"

Físíìsì ló fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ àwọn ọmọ wa. Nígbà tó fẹ̀yìn tì, ó ní òun máa fi ìṣirò dá irú iná inú oòrùn sínú kọ̀ǹpútà. Pílásímà: afẹ́fẹ́ tó gbóná kọjá sísọ, tí agbára òòfà há mọ́ inú ìkòkò tó rí bí òrùka. Kò gbọ́dọ̀ kan ògiri ìkòkò. Bó bá kàn án, ó kú nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án ló fi ń kàn án. Ìṣẹ́jú àáyá kan péré tí kò ní kan ògiri ni Tíṣà ń wá kí ọlọ́jọ́ tó dé.

Ìṣẹ́jú àáyá kan ọ̀hún, oṣù mẹ́ta ni kọ̀ǹpútà fi ń ṣírò rẹ̀. Lọ́jọ́ kan, Abdulrauf, òṣìṣẹ́ iná mànàmáná, fẹ́ pa iná àdúgbò kó lè tún wáyà ṣe.

"Ọmọ mi, fún mi ní ìdajì ìṣẹ́jú àáyá."

Abdulrauf rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ tiẹ̀ gba wákàtí kan."

"Ti inú kọ̀ǹpútà ni mò ń wí. Tìẹ á tó oṣù kan ààbọ̀."

Abdulrauf gun òpó lọ láìdágbére.

Kúbúrátù nìkan ló gbà á nímọ̀ràn. Ó ń yan gààrí lọ́wọ́.

"Tíṣà, ẹ̀ ń jẹ́ kí iná yín dúró sójú kan. Gààrí tó bá dúró, á jóná mọ́ agbada. Ẹ máa yí i ká."

"Ìwọ alágààrí, o fẹ́ kọ́ mi ní físíìsì?"

"Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń jó ìkòkò láti ọdún mẹ́sàn-án, ta ni kó wá kọ́ yín?"

Láti ọjọ́ náà, Tíṣà kò kí i mọ́. Gààrí rẹ̀ nìkan ló ń ránṣẹ́ rà.

Oṣù kejì rẹ̀ ni Tíṣà kú. Kọ̀ǹpútà kò kú. Déọlá, ọmọ rẹ̀, kò láyà láti pa á. Lẹ́yìn ìsìnkú, Kúbúrátù wá kí wọn. Kọ̀ǹpútà dún.

Kúbúrátù fò dìde. "Ṣé kí n lọ pọnmi?"

Déọlá wo ojú kọ̀ǹpútà. Ìṣẹ́jú àáyá kan gbáko. Iná ń yí po, ń yí po. Kò kan ògiri. Ó ka orúkọ tí bàbá rẹ̀ fún ìṣirò náà sókè: "Ìmọ̀ràn Kúbúrátù."

Kúbúrátù rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà ó fi etí ìró nu ojú.

"Tíṣà alágídí. Ẹ̀ bá kúkú ti kí mi."