Ẹni Tó Rán An Ni Kó Gbé E Jáde

Ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi jàre. Bí ẹ bá fẹ́ rí ẹni tí owú jíjẹ ti sọ di ìdàkudà, ẹ wá sí ilé ìránṣọ wa, kí ẹ wo obìnrin tó jókòó sídìí máṣíìnì ìkẹyìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Abẹ́rẹ́ là ń pè é. Ó rí tẹ́ẹ́rẹ́, kì í pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó mọ aṣọ ìyàwó rán bíi tirẹ̀ nínú gbogbo wa. Èmi tí mò ń lọ aṣọ níbẹ̀, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ló sọ bẹ́ẹ̀, èmi kì í sì í yin èèyàn lásán.

Ọ̀gá wa obìnrin ní òfin kan: ẹni tó bá rán aṣọ ni yóò fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e jáde. Kọ́tìnì ńlá kan ló pín ilé ìránṣọ sí méjì. Àwa wà lẹ́yìn, jígí ńlá wà níwájú, níbi tí àwọn oníbàárà ti ń wọ aṣọ wò. Wàá gbé aṣọ jáde, wàá bá ìyàwó de bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀, wàá sì dúró gbọ́ ohun tó máa sọ, ì báà dùn, ì báà korò. Abẹ́rẹ́ kò jẹ́ ṣe é láéláé.

"Àbúrò mi, jọ̀ọ́, bá mi gbé e lọ." Lónìí orí ń fọ́ ọ, lọ́la ọwọ́ rẹ̀ dọ̀tí.

Ẹlẹ́rìn-ín ló máa ń bẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn kéré sí i lọ́jọ́ orí, ìránṣọ rẹ̀ kàn mọ níwọ̀n ni, kí n má parọ́, àmọ́ ẹnu rẹ̀ dùn, ojú ẹnikẹ́ni kì í sì í tì í. Á gba aṣọ, á rẹ́rìn-ín, á jáde. Bó bá ti jáde báyìí, Abẹ́rẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ máṣíìnì kíkankíkan kí etí rẹ̀ má baà gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ. Àfi bí àtẹ́wọ́ bá ró níwájú ló máa ń dáwọ́ dúró, tí á wá fajú ro.

"Ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe ń pàtẹ́wọ́ fún un," á wí. "Iṣẹ́ tèmi o! Iṣẹ́ tèmi ló fi ń yan fanda kiri!"

"Ta ló gbé e fún un?" ni mo máa ń bi í. Á yínmú sí mi.

Ó mọ ìgbà tí Ẹlẹ́rìn-ín ra bàtà tuntun. Ó mọ oníbàárà tó dì mọ́ ọn. Bí ọmọ náà bá rẹ́rìn-ín, òun á pòṣé. Ọkọ rẹ̀ sọ fún mi rí pé àwọn kì í jẹun tán nílé láìgbọ́ orúkọ Ẹlẹ́rìn-ín.

Ni ọ̀gá bá ní òun máa ṣí ṣọ́ọ̀bù kejì, òun sì ń wá ẹni tó máa ṣe olórí ibẹ̀. Háà! Ara Abẹ́rẹ́ kò balẹ̀ mọ́. Òun ló pẹ́ jù nínú wa. "Ìyá Áyọ́ọ̀nù, bí wọn kò bá fún mi, ìdí fèrèsé yìí ni màá gbó sí nìyẹn." Mo ní kó lọ sọ fún ọ̀gá pé òun fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ṣé wọn kò rí iṣẹ́ ọwọ́ mi ni?"

Lọ́sẹ̀ yẹn gan-an, ìyàwó kan àti ìyá rẹ̀ wá wọ aṣọ wò. Abẹ́rẹ́ ló rán an, òun ló fọwọ́ to gbogbo ìlẹ̀kẹ̀ tó wà lọ́rùn rẹ̀. Mo lọ aṣọ náà tán, mo gbé e lé e lọ́wọ́, mo fojú sọ fún un pé kó máa lọ. Ó gbé e fún Ẹlẹ́rìn-ín! Kò pẹ́, ìyá ìyàwó bú sẹ́kún ayọ̀ níwájú jígí, ó ní ta ló rán an. Tábìlì mi ló sún mọ́ kọ́tìnì jù, etí mi ló gbọ́ èsì Ẹlẹ́rìn-ín: "Ẹ̀gbọ́n mi ni o, mà. Èmi kàn gbé e jáde ni."

Ọ̀gá ṣí kọ́tìnì. "Abẹ́rẹ́, ṣé ìwọ lo rán an?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ẹ mọ ohun tó sọ? Ó wolẹ̀. "A jọ ṣe é ni, mà."

Ó kù díẹ̀ kí n fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lé e lẹ́nu.

Ẹlẹ́rìn-ín ni ọ̀gá fún ní kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù tuntun. Inú bí Abẹ́rẹ́ débi pé, fún ìgbà àkọ́kọ́, ó dìde lọ bá ọ̀gá. "Ẹ gbé ipò mi fún ẹlòmíì, mà."

"Mo bi ọ́ nígbà tí wọ́n ń yìn ọ́, o ní ẹ jọ ṣe é," ni ọ̀gá fèsì. "Bí oníbàárà bá wá ń bínú ńkọ́? Ṣé wàá tún ní ẹ jọ ṣe é ni?"

Abẹ́rẹ́ padà sídìí máṣíìnì rẹ̀. Àwọn àgbà ní bí abẹ́rẹ́ ti wù kó kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìẹ. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó bá ri ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ ńkọ́, ta ni yóò rí i?

Ẹlẹ́rìn-ín kó lọ, Abẹ́rẹ́ kò sì bá a dágbére. Nígbà tí ìyàwó mìíràn wá, kò sí ẹni tí yóò bá a gbé aṣọ jáde mọ́. Ó na aṣọ sí mi. Mo kó ọwọ́ mi sẹ́yìn.

"Èmi kọ́ ni mo rán an," mo wí.

Ìyàwó ti ń pariwo níwájú pé aṣọ òun dà. Abẹ́rẹ́ gbé e, ó kọjá kọ́tìnì.

Àtẹ́wọ́ kankan kò dún. Ìyàwó náà ní apá aṣọ fún òun jù. "Irú iṣẹ́ jákujàku wo nìyí? Ta ló rán an gan-an?"

Mo gbé áyọ́ọ̀nù dúró.

"Èmi ni," ni Abẹ́rẹ́ wí. Ohùn rẹ̀ kéré, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọ. "Èmi ni mo rán an. Ẹ má bínú, màá tú apá rẹ̀ ṣe."

Ó wọlé padà, ó jókòó, ó ń tú òwú, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Mo gba aṣọ náà kó má baà ní àbàwọ́n.

"Ìyá Áyọ́ọ̀nù, ṣé wọ́n bú Ẹlẹ́rìn-ín náà báyìí rí?"

"Lórí aṣọ tirẹ̀ ni, àbí lórí tìẹ?"

Ó nu ojú rẹ̀. "Lórí tèmi."

"Ìgbà púpọ̀. Á gba èébú tán, á wọlé, á rẹ́rìn-ín, á ní, 'Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tú ẹ̀gbẹ́ yìí díẹ̀.' Máṣíìnì rẹ ló ń pariwo, o kò gbọ́."

Kò tẹ máṣíìnì mọ́ lọ́jọ́ náà.