Agolo Oògùn Màmá Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé wa fún yín lónìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹnu á ya ẹni tó bá mọ̀ mí pé èmi ni mò ń sọ̀rọ̀ tó gùn tó báyìí. Bí wọ́n bá kí mi níta, ilẹ̀ ni mo máa ń wò kí n tó dáhùn. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, kò ní dáa.

Ìgbà tí wọ́n ti bọ́dà pa ni. Kí wọ́n tó tì í, Owódé ni mo wà, tí mò ń bá obìnrin kan ta ìrẹsì. Nígbà tí ìrẹsì ò wọlé mọ́, kí ni mo fẹ́ tà? Mo di ẹrù mi, mo padà sọ́dọ̀ Màmá mi ní Ìgbógìlà. Ọlọ́run bá mi ṣe é, wọ́n ń wá ẹni tí yóò máa fọ ìgò àti àwo ní yàrá ìwádìí kan nínú ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ gíga ní Ayétòrò. Prámárì márùn-ún ni mo kà. Àmọ́ ta ló ń béèrè sátífíkéètì lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fọ ìgò?

Wàyí o, Màmá mi ní agolo mílíìkì kan lórí pẹpẹ. Inú rẹ̀ ni gbogbo kápúsù tó bá ṣẹ́kù nílé wa ń gbé. Ẹ̀yin náà mọ bí wọ́n ṣe tọ́ wa: àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn, òun ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ọbẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń fi òwe yìí bá wí. Màmá tèmi ń fi bá oògùn wí! Bí ara rẹ̀ ò bá yá, á lo oògùn fún ọjọ́ méjì. Bí ara bá ti rọ̀ ọ́ díẹ̀, ìyókù di inú agolo, kí ẹlòmíràn lè rí tirẹ̀ lò. Nígbà tí bọ́dà sì tì, tí àwọn tó ń kiri oògùn láti ìhà Kútọnu ò wá mọ́, agolo yẹn di ilé oògùn gbogbo agbo ilé.

Ibẹ̀ la wà tí àdá fi ṣá Màmá ní ojúgun níbi tó ti ń ro oko ẹ̀gẹ́.

Ó ki ọwọ́ bọ agolo. Ó gbé méjì mì lọ́jọ́ kìíní, ọ̀kan lọ́jọ́ kejì, ó sì tú ọ̀kan dà sójú ọgbẹ́. Ọgbẹ́ gbẹ. Inú wa dùn. Kò pẹ́, ó tún là, ó ń ṣọyún. Ó tún lo méjì-méjì, ó tún gbẹ, ó tún là! Nígbà kẹta, ó ti fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ọ̀pá sì ni Màmá fi ń rìn. Ọkùnrin kan wà ládùúgbò wa tí wọ́n gé ẹsẹ̀ rẹ̀ nítorí irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀. Bí mo bá ti rí i tó ń kọjá, màá sáré wọlé lọ wo ẹsẹ̀ Màmá.

Níbi iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n kan wà tó ń ṣe ìwádìí níbẹ̀, Àǹtí Rónkẹ́. Bí ẹlòmíràn ṣe ń sin adìyẹ ni Àǹtí yìí ń sin kòkòrò àìfojúrí. Ó ní iná kan tó lè ba ojú jẹ́, tí kì í jẹ́ kí n wò. Abẹ́ iná yẹn ló ń gbé wọn sí. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó pè mí pé kí n wá wo nǹkan.

Àwo pẹlẹbẹ méjì ni. Nínú ìkíní, bébà róbótó kéékèèké tí wọ́n rẹ sínú oògùn wà láàárín kòkòrò, ibi tó yí bébà kọ̀ọ̀kan ká sì mọ́ roro bí òrùka. Ó ní ibẹ̀ ni oògùn ti pa wọ́n. Nínú ìkejì, kò sí òrùka kankan. Kòkòrò hù dé etí bébà, bí ìgbà tí oògùn ò sí níbẹ̀ rárá!

Ó ṣàlàyé pé kòkòrò kọ̀ọ̀kan ní DNA, bí ìwé tí wọ́n kọ bí yóò ṣe máa gbé ayé sí. Iná yẹn ń ya ìwé náà. Àwọn oògùn kan náà ń yà á. Bí ó bá ya tán pátápátá, kòkòrò kú. Bí ó bá ya díẹ̀, kòkòrò á fi ìwàdùwàdù lẹ̀ ẹ́, á sì ṣi ọ̀rọ̀ kọ. Àṣìkọ tó pọ̀ jù ló ń pa á. Ṣùgbọ́n lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, àṣìkọ kan á bọ́ sí i, oògùn ò ní ràn án mọ́.

Mo dúró tèmi ti búrọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Ẹsẹ̀ Màmá mi nìkan ni mò ń rí nínú àwo yẹn.

Ṣé mo sọ̀rọ̀? Rárá o! Mo lọ sílé. Ọjọ́ kejì, mo fọ ìgò mi, mo tún lọ sílé. Lọ́jọ́ kẹta, mo fọ́ ìgò nítorí pé ọkàn mi ò sí níbi iṣẹ́. Àǹtí béèrè bóyá ara mi ò yá ni. Ẹkún ló kọ́kọ́ jáde kí ọ̀rọ̀ tó jáde.

Lọ́jọ́ Sátidé, ó gun ọ̀kadà wá sílé wa. Ó wo ẹsẹ̀ náà, ó ní òun kì í ṣe dókítà, ọsibítù ni ká lọ, kí wọ́n yẹ ọyún ibẹ̀ wò. Màmá fárí gá. Ó ní ṣé ọmọ ìwé ló fẹ́ kọ́ òun ní ohun tí òun ti ń lò kí wọ́n tó bí i ni? Àǹtí wá bẹ̀rẹ̀ àlàyé, òyìnbó ń dà lẹ́nu rẹ̀. Màmá tẹjú mọ́ ọn títí.

"Ọmọ mi, ṣé o ti jẹun láàárọ̀?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, àmọ́ mo rí i pé ọ̀rọ̀ ti fẹ́ bàjẹ́. N kò mọ ìgbà tí mo la ẹnu. Mo ní kí Màmá rántí ọ̀nà inú igbó tí àwọn kan ń gbé ìrẹsì gbà láti ìgbà tí bọ́dà ti tì. Bí ẹnì kan bá gbé igi dábùú títì lónìí, tó gbé e kúrò lọ́la, ṣé oníṣòwò á kú? Wọ́n á sá wọgbó. Ọ̀pọ̀ á sọnù, ọ̀pọ̀ á rì sínú ẹrẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnì kan á ṣèèṣì bá ọ̀nà pàdé. Lọ́jọ́ kejì, òun ni yóò ṣáájú. Mo ní kápúsù méjì-méjì tí Màmá ń lò yẹn, igi tó ń gbé wá, tó tún ń gbé kúrò ni.

Màmá wo ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ìyẹn ni pé àwọn tó wà lẹ́sẹ̀ mi yìí ti di onífàyàwọ́?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Mà," Àǹtí dáhùn, "wọ́n sì ti fi ọ̀nà han ọmọ wọn."

"Ẹ gbé mi lọ, jàre!"

Nígbà tí èsì ọsibítù jáde, orúkọ oògùn tó wà níbẹ̀ le jù mí lọ, ṣùgbọ́n mo mọ lẹ́tà. Dókítà ní R ni oògùn tí kò ràn án, S ni èyí tó ràn án. R, R, R, R, wọ́n tò gbọọrọ! Nísàlẹ̀ pátápátá ni S kan ṣoṣo wà. Ẹ wo bí mo ṣe fẹ́ràn lẹ́tà yẹn! Dókítà kọ oògùn náà: àárọ̀ àti alẹ́, ọjọ́ mẹ́wàá, kò gbọ́dọ̀ ṣẹ́ kù. Nọ́ọ̀sì náà ń fọ ọgbẹ́.

Lọ́jọ́ karùn-ún, ọgbẹ́ ti ń sún kì. Ọjọ́ yẹn gan-an ni Ìyá Sikírù, aládùúgbò wa, wọlé pẹ̀lú ikọ́, wọ́n ní kí Màmá bùn wọ́n ní kápúsù mẹ́rin péré. Ojú ti Màmá láti sọ pé rárá. Màmá ní kí n fún wọn.

Èmi! Mo kúnlẹ̀, mo di páálí oògùn náà mú sínú ìró mi.

"Ìyá Sikírù, ẹ má bínú. N kò ní lè fún yín."

"Hẹ̀n-ẹ́n? Bùnmi ló ní ohùn báyìí? A rò pé Ọlọ́run gbàgbé láti fi ahọ́n sí i ni!"

Ojú tì mí, ilẹ̀ ni mò ń wò, ṣùgbọ́n n kò tú ìró. Mo ní ká jọ lọ sí ilé ìlera alábọ́ọ́dé nísinsìnyí, màá sìn wọ́n. A sì lọ. Àṣé irú ikọ́ tó ń ṣe wọ́n, kápúsù yẹn ò tilẹ̀ bá a wí rárá!

Ọjọ́ mẹ́wàá pé, Màmá gbé èyí tó kẹ́yìn mì, páálí ṣófo. A kó gbogbo ohun tó wà nínú agolo fún àwọn ọsibítù kí wọ́n bá wa dà á nù. Màmá fọ agolo, ó ń kó irúgbìn ẹ̀wà sí i báyìí. Ìyẹn ló ń bù fún aládùúgbò. Àǹtí Rónkẹ́ ṣì wà nídìí iná rẹ̀. Ó ń wá bí wọn yóò ṣe máa dí kòkòrò lọ́wọ́ ìwàdùwàdù tó ń fi lẹ ìwé yẹn. Mo gbà pé wọn á rí i.

Lọ́sẹ̀ tí Màmá kọ́kọ́ padà sóko, mo pàdé rẹ̀ lọ́nà, igbá ẹ̀gẹ́ lórí, kò sí ọ̀pá. Mo fẹ́ gbà á, ó kọ̀.

"Fi í sílẹ̀. Mo jẹ oògùn ní àjẹìwẹ̀yìn, jẹ́ kí n ru igbá mi délé. Ṣebí ẹsẹ̀ méjèèjì ni mo fi ń rù ú!"

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ máa ṣẹ́ oúnjẹ kù, ẹ má ṣẹ́ oògùn kù. Ẹ lò ó bí dókítà bá ṣe ní kí ẹ lò ó. Kí ló wà nínú agolo tiyín? Ta ló ti bù nínú rẹ̀ rí, kí ló sì ṣẹlẹ̀? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á pátá. Bí n kò bá tètè fèsì, ẹ má bínú, ojú ló ń tì mí.