Iye Tí Màmúdù Ò Lè Pè

Ògiri kan ló wà láàárín ṣọ́ọ̀bù èmi àti Màmúdù ní Bẹẹrẹ. Bébà ni mo ń tà. Lẹ́tà òjé lòun fi ń tẹ̀wé. Á tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, á kùn wọ́n ní ìńkì, á fẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ. Àwọn tó kù ládùúgbò ti ra kọ̀ǹpútà. Òun ní ohun tí bàbá òun fi bọ́ òun lòun náà ó fi jẹun.

Lọ́dún tó kọjá, Alhaji Mikail wá láti Pópó Yemọja. Òun ni bàbá ọkọ Karimat, ọmọ Màmúdù. Wọ́n fẹ́ fi í joyè ní mọ́ṣáláṣí, ó fẹ́ tẹ irínwó káàdì tó máa fi pe èèyàn. Màmúdù tẹ́ bébà mẹ́ta síwájú ẹ̀.

"Èyí fẹ́lẹ́, òjé á gún un yọ lẹ́yìn. Èyí ń dán, ìńkì ẹ̀ kì í tètè gbẹ, á máa yí àlejò yín lọ́wọ́. Eléyìí ló nípọn. Lẹ́tà á wọ̀ ọ́ lára, afọ́jú á fọwọ́ kà á."

Alhaji fọwọ́ pa èyí tó nípọn. "Eléyìí ni tọlọ́lá. Èló ni gbogbo ẹ̀, àna mi?"

Páàkì mẹ́rin ni, ẹgbẹ̀rún méjìlá ni mò ń ta ọ̀kan. Ẹgbẹ̀rún méjìdínláàádọ́ta nìyẹn, a ò tíì ka ìńkì àti iṣẹ́ ọwọ́.

Màmúdù ní, "Ẹ̀yin kẹ̀? Ṣé mo lè gbowó lọ́wọ́ yín ni?"

Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Gbogbo wa la máa ń sọ ọ́. Ẹni tá a sọ ọ́ fún á ní, "Rárá o, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni," á sì fowó lé wa lọ́wọ́ tipátipá. Alhaji tẹ́wọ́ àdúrà ní tiẹ̀. Kí Ọlọ́hun bù sápò àna òun, kó má fi ọ̀tá ṣe ọ̀gá ẹ̀. Àdúrà náà gùn. Màmúdù ń wò ó. Ó ṣe àmín. Owó ti wọmi.

Kúlúsúmù ìyàwó ẹ̀ gbọ́. "Ẹ lọ bá wọn. Ẹ ní bébà ti wọ́n."

"Lẹ́yìn tí mo ti ṣe àmín?"

"Ṣé àmín la máa fi ra ìńkì?"

"Ọmọ mi wà nílé wọn, Kúlú. Ohun tí mo bá sọ níbí, òun ni wọ́n máa fún lésì ẹ̀."

Rọ́bà tó ń kun ìńkì sára lẹ́tà ti ń sán. Bó bá sán tán, iṣẹ́ tán. Owó tó ń tù jọ láti fi ra òmíràn ló kó fún mi fún bébà Alhaji.

Káàdì náà dára. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Alhaji wá kó o, ó mú ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan dání láti Òkè Pádì, Muhydeen. Ìyẹn fẹ́ ṣílé, ó fẹ́ ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta káàdì. Ó fa owó yọ.

"Ẹ sọ iye ẹ̀."

"Ẹ jẹ́ ó wà níbẹ̀ ná," ni Màmúdù wí.

"Rárá o, iṣẹ́ ọwọ́ yín ni. Mi ò fẹ́ iṣẹ́ ọ̀fẹ́."

Màmúdù ti la ẹnu láti pe iye ẹ̀. Alhaji rẹ́rìn-ín, ó ti ọwọ́ ọ̀rẹ́ ẹ̀ padà sápò. "Ṣebí mo ti sọ fún ẹ nílé. Wọn ò ní gbà á. Ẹni tèmi, ẹni tiwọn ni. Àbí mo parọ́, àna mi?"

Tó bá gbowó, ó ti sọ Alhaji dòpùrọ́ níwájú ọ̀rẹ́ ẹ̀. Ojú tí Alhaji bá sì gbé wọlé, Karimat ló máa kọ́kọ́ rí i.

"Ẹ ò parọ́," Màmúdù dáhùn. Ó yíjú sí mi. "Èyí tó nípọn yẹn, mélòó ló kù?"

Mo ní ó ku márùn-ún. Ó ní kí n bá òun gbé e wá. Kí n tó dé, ó ti ń tú orúkọ Alhaji kúrò lórí ẹ̀rọ, lẹ́tà kan tẹ̀ lé èkejì.